Kọfí Yíyan Nínú Ilé: Ìta Ni Ààyè Rẹ̀



Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń yan kọfí. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ará ilé òun máa rí kọfí gidi mu ní àsìkò sààrì. Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń yan án lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná ni iná ọba bá lọ. Ọmọ náà rò pé bí ẹ̀rọ ti dúró yẹn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ wá àtùpà. Ṣùgbọ́n irin inú ẹ̀rọ ṣì gbóná, kọfí sì ń jó lọ nínú rẹ̀. Fèrèsé wà ní títì nítorí ẹ̀fọn. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé yàrá tí Màmá Àgbà sùn sí, bẹ́ẹ̀ Màmá ní ikọ́ fée. Ilé ìwòsàn ni bàbá ilé náà ti kí ìrun àsùbáà lọ́jọ́ yẹn.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé Màmá ti padà sílé, ara wọn sì ti yá. Bàbá ilé náà fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé kí a kúkú ní kí gbogbo ìdílé jáwọ́ nínú kọfí yíyan, pé ẹni tó bá fẹ́ mu kọfí, kó lọ ra ti inú agolo. Àwa kò fara mọ́ èyí. Èrò tiwa ni pé kọfí yíyan nílé dára, ó sì ní ànfààní tó yẹ kí ìdílé jẹ. Ṣùgbọ́n ìta ni ààyè rẹ̀, àgbàlagbà ló sì gbọ́dọ̀ dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá lè ṣe méjèèjì yìí, kó ra èyí tí wọ́n ti yan, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀.

Kọfí kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ọ̀rúndún 15, àwọn Súúfí ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Ọlọ́hun lóru. Ní ọdún 1511, aláṣẹ kan ní Mẹ́kà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Khair Beg fòfin dè é, ṣùgbọ́n òfin náà kò pẹ́. Àṣẹ láti Káírò ló yí i padà. Ní Ẹtiópíà, níbi tí igi kọfí ti ṣẹ̀, títí di òní ni àwọn obìnrin ń yan án lórí ẹyín iná lójú àlejò, kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì sè é. Nítorí náà, ẹni tó ń yan kọfí nílé kò dá àṣà tuntun kan sílẹ̀.

Kí ni ànfààní rẹ̀? Èkíní, ojú wa á rí ohun tí a fẹ́ mu. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá àgbàdo sísun tàbí èèpo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọfí tí a kò tíì yan, a lè tẹ́ ẹ sórí àtẹ kí a ṣà á bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó hu olú tàbí tó ń rùn, ká kó gbogbo rẹ̀ dànù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ṣíṣà yìí. Kọfí tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sápò lè hu èébu tó ń pèsè májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ochratoxin A, èyí tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Iná máa ń dín májèlé náà kù, ṣùgbọ́n kì í pa á tán. Ọwọ́ tó ń ṣà á ló ń dáàbò bo ilé kí iná tó débẹ̀.

Èkejì, ilẹ̀ wa náà ń gbin kọfí. Ó wà ní agbègbè Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó sì wà lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ lórí kọfí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú kòkó àti obì. Nígbà tí ìdílé bá ra kọfí tí a kò tíì yan lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa, owó náà kò rìn jìnnà.

Ẹ̀kẹta, kọfí tí a kò tíì yan lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù níbi tó gbẹ láì bàjẹ́. Èyí tí a bá ti yan, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni adùn rẹ̀ yóò ti máa lọ. Èyí tí a bá ti lọ̀ kì í tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń yan ìwọ̀nba tí ilé rẹ̀ máa mu láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò ní fi nǹkan ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni èéfín ń bá lójijì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ilé máa ń gba gíráàmù 100 sí 250 lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ náà sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọfí náà á kọ́kọ́ kúrò ní àwọ̀ ewé, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá máa ta òórùn bíi búrẹ́dì tó wà lórí iná. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 200 ní ìdíwọ̀n Celsius, ẹ ó gbọ́ tí á máa ta pá-pá-pá bíi gúgúrú. Láti ibẹ̀ lọ, kọfí náà ti ṣe é mu. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ooru fi tó nǹkan bí 225, á tún ta lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ á wá wẹ́wẹ́, òróró á máa yọ lára rẹ̀, èéfín á sì ki. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ dá a dúró láàárín títa àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fi èéfín ra àwọ̀ ni, iná sì lè tìdí rẹ̀ yọ.

Ẹ dà á sórí àwo irin tó fẹ̀, kì í ṣe ike, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ọwọ́ fi lè kàn án. Tí ẹ bá tún un wọ̀n, ẹ má bínú sí ọmọ pé ó jẹ lára rẹ̀ o: gíráàmù 100 tó bá wọlé sábà máa ń jáde ní nǹkan bíi 85, nítorí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dé ìgò rẹ̀ pinpin, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde lára kọfí tuntun, ó sì lè ti ọmọrí kúrò tàbí kó fọ́ ìgò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dé e dáadáa.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló wá kù, òun gan-an ló sì mú wa kọ abala yìí. Àwọn kan á ní, “Èéfín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ló máa ṣe?” Ẹ bi ìyá tó ń yan gàárì. Ojú tó ń ṣomi àti àyà tó ń há ni ìdáhùn rẹ̀. Èéfín kọfí kò yàtọ̀, ìdọ̀tí kíkéré tí ojú kò rí ló ń gbé wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó gbàgbé, ṣùgbọ́n ìkókó, aboyún, arúgbó àti ẹni tó ní ikọ́ fée kì í gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ilé ìdáná tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ní lọ́kàn ni èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta. Mélòó nínú ilé ìdáná wa ló ní i? Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, èéfín ilé kan ni èéfín gbogbo ilé.

A mọ̀ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù má ṣe sún mọ́ mọ́sálásí, kí òórùn rẹ̀ má baà ni ará yòókù lára. Bí òórùn ẹnu lásán bá lè ní irú òfin bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wá sọ nípa èéfín tó ń gba ẹ̀mí lẹ́nu aláìsàn?

Nítorí náà, ẹ gbé ẹ̀rọ síta: ẹ̀yìnkùlé tàbí fàráńdà tí atẹ́gùn ń fẹ́, tó jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò. Ẹ fi í lé ohun tí kò lè gbiná, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Bí iná ọba bá lọ, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ọwọ́, kí ẹ tú kọfí náà jáde sórí àwo irin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí iná padà dé. Ṣùgbọ́n bí ìyàngbò rẹ̀ bá ti gbiná nínú ẹ̀rọ, ẹ má ṣí i, ẹ má sì da omi sí i. Ẹ pa iná rẹ̀ láti ojú ògiri, kí ẹ fi ọmọrí sílẹ̀ ní dídé títí iná yóò fi kú. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá ti tutù, ẹ gbọn ìyàngbò inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì nu òróró ibẹ̀. Ìyàngbò àná ló sábà máa ń di iná ọ̀la, òróró tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ á kan, á ba adùn kọfí tuntun jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ mímu rẹ̀ kún un. Kafíìnì inú kọfí kò kúrò nítorí pé a yan án dúdú. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sọ pé mílígíráàmù 400 lóòjọ́ kì í sábà ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní ibi; àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi ti aboyún sí 200. Ife kan lè ní bí 80 sí 100, ṣùgbọ́n irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta lágbára tó ìlọ́po méjì irú kejì tí wọ́n ń pè ní arabica. Ẹ béèrè irú èyí tí ẹ rà kí ẹ tó ka ife. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọdé kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ má sì mu ún mọ́ oúnjẹ, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, nítorí kì í jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú oúnjẹ gbà tó bó ṣe yẹ.

Fún àwa aláàwẹ̀, ife tí a mu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣámù, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní aago méjì òru. Ẹni tó bá fi kọfí lé oorun lọ lóru gbogbo kò ṣẹ́gun oorun, gbèsè ló jẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jẹ́ kó yé Abdullah ọmọ Amr, tó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń fi gbogbo òru dúró, pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó sì máa ń mu kọfí lójoojúmọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ tó wọlé, nítorí orí fífọ́ tó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé kọfí tó wọ́n lójijì ló fà á, kì í ṣe ebi.

Bàbá tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ju ẹ̀rọ rẹ̀ nù. Ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró tì í ní ọ̀sán Sátidé lẹ́yìn ìrun àlááṣárì. Màmá Àgbà wà níwájú ilé lórí àga wọn, níbi tí èéfín kò dé. Wọn kì í mu kọfí, ṣùgbọ́n wọ́n ní òórùn rẹ̀ láti òkèèrè kò burú. Bí a ṣe fẹ́ kó rí ní ilé gbogbo wa nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí ìdílé wa, kó sì fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn. Àmín.