Kọ̀ǹpútà Tuntun Nínú Ilé

Bí ilé kan ní Ọ̀fà bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ tí ó wọ Federal Polytechnic, owó ńlá ni ó jáde. Ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ dáradára kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo Windows tí ó wà nínú rẹ̀. Ní October 14, 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ẹ má sì ṣe gba ẹ̀dà jíjí. Òfin kẹjọ kò yọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún lẹ́tà àti ìṣirò.

Èyí tí a sábà ń gbàgbé ni èdè wa. Ní ọdún 1875 ni àwọn míṣọ́n péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Kò yẹ kí ẹ̀rọ tuntun sọ iṣẹ́ wọn nù. Nínú Settings, níbi tí a kọ Language sí, ẹ fi Yoruba kún un, kí ẹ lè rí àmì tẹ̀. Akọ̀wé ìjọ tí ó tẹ “oko” níbi tí “ọkọ” yẹ kí ó wà ti sọ ọkọ ìyàwó di ilẹ̀ àgbẹ̀. Orúkọ ọmọ tí a ṣe ìrìbọmi fún pẹ̀lú kò yẹ kí ó ṣìnà nínú ìwé: ìwé náà ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò bá.

Níkẹyìn, ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í, kí ẹ sì pa ẹ̀dà iṣẹ́ yín mọ́ sí ibòmíràn. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.