Kóńgò Wo Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Àsìkò ọdún tuntun ni àsọtẹ́lẹ̀ máa ń pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìjọba yóò sọ iye tí dọ́là yóò jẹ́, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé yóò sọ bí ọjà yóò ti wọ́n tó, àwọn wòlíì náà yóò sì sọ tiwọn ní òru àìsùn ọdún. Èmi kò ní bá àwọn wòlíì fa ọ̀rọ̀. Ti owó nìkan ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé èmi pẹ̀lú ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ rí, ẹlòmíràn ni ó sì san gbèsè rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Ìlobì. Gàrí ni iṣẹ́ Màmá. Àpò méjìlá ni wọ́n ti yan tí wọ́n tò sínú yàrá, wọ́n sì fẹ́ tà á kí wọ́n lè fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Èmi tí mo ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń ṣètò owó ilé ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní, "Màmá, láti ọdún méjì ni gàrí ti ń gbówó lórí. Ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹfà." Wọ́n gbọ́ tèmi, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó kàwé mọ̀ ju àwọn lọ. Wọ́n lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n fi san owó ilé-ìwé, èlé sì ń gorí rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, gàrí ti wálẹ̀. Iye tí wọ́n ta àpò méjìlá náà kò tó iye tí wọn ì bá tà á tẹ́lẹ̀. Wọn kò bá mi wí rárá. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù.

Mo jókòó, mo bi ara mi pé níbo ni mo ti ṣìnà. Ẹ̀gẹ́ kì í jáde lóòjọ́. Bí ọdún kan ni ó ń lò nínú ilẹ̀ kí a tó wà á. Nígbà tí gàrí wọ́n, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wa sáré gbin ẹ̀gẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ tí ó ṣófo, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ́n ọdún kan fi bí ọ̀pọ̀ ọdún kejì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti kéde àyè 150 ọjọ́ fún kíkó àgbàdo, ìrẹsì, wíìtì àti ẹ̀wà wọlé láì san owó ibodè, bí oúnjẹ kan bá sì ti rọjú, ó máa ń fa èkejì wálẹ̀. Màmá mọ iye ẹ̀gẹ́ tí ó wà lóko ní Ìlobì. N kò bi wọ́n ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo máa ń kọ ohun tí wọ́n sọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Bí ọdún bá parí, n ó fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ti ìjọba. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2024, wọ́n fi dọ́là sí 800 náírà, wọ́n sì fi ọ̀wọ́n ọjà sí 21.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún náà fi parí, dọ́là ti kọjá 1,500 náírà, ọ̀wọ́n ọjà sì ti di 34.80. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a pe ẹnì kan wá jókòó tì í, ẹni tí mo sọ ní Ọ̀gbẹ́ni Bí-Èṣí. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò mọ nǹkan kan. Ohun tí ó máa ń wí kò ju pé bí èṣí ti rí ni ọdún yìí yóò rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 28.92, iye yẹn náà ni ì bá sọ fún 2024. Òun pẹ̀lú ṣìnà, àmọ́ ó sún mọ́ òtítọ́ ju ìwé ìṣúná lọ. Philip Tetlock, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, kó àsọtẹ́lẹ̀ àwọn onímọ̀ 284 jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2005, ó fi hàn pé agbára káká ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ju irú Ọ̀gbẹ́ni Bí-Èṣí yìí lọ.

Ẹ má wá torí èyí sọ Bí-Èṣí di olùdámọ̀ràn yín o. Òun náà ni mo gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lórí gàrí Màmá. Àwa ará ibodè tí a ń ná sẹ́fà tún mọ ọ̀kan. Láti 1948 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1994, iye sẹ́fà sí owó Faransé kò yí padà. Fún ohun tí ó lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta, Bí-Èṣí ń gba máàkì kíkún. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, sẹ́fà 50 tí wọ́n ń fún fúráǹkì kan di 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, iye ìgbà tí àsọtẹ́lẹ̀ ṣẹ kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Ẹ tún bèèrè ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí kò bá ṣẹ.

Ti 2025 ni ó lọ́jú jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu sọ pé ọ̀wọ́n ọjà yóò wálẹ̀ sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìṣirò ti di 16.05. Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá pẹ̀lú ayọ̀, mo tilẹ̀ ṣàlàyé pé bí ìdá náà bá ń dínkù, kò túmọ̀ sí pé iye ọjà ń dínkù, bí kò ṣe pé ẹsẹ̀ tí ó fi ń gòkè kò yá mọ́. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Olùkọ́, kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí mọ kóńgò tí wọ́n ti ti ìdí rẹ̀ sókè. Ìbéèrè Màmá jinlẹ̀ ju bí àwọn fúnra wọn ti rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ elétò ìṣirò orílẹ̀-èdè wa pààrọ̀ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọjà: wọ́n kúrò lórí ọdún 2009, wọ́n bọ́ sórí 2024, wọ́n sì tún ìpín ọjà kọ̀ọ̀kan ṣe. Èyí tí ó jẹ́ 34.80 ní oṣù kejìlá di 24.48 ní oṣù kìíní. N kò sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Òṣùwọ̀n àtijọ́ ti gbó, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi kóńgò àtijọ́ sọ, tí wọ́n sì fi kóńgò tuntun wọ̀n, a kò lè ní ó yege, a kò sì lè ní ó kùnà. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé mi. Ní ti dọ́là, 1,500 náírà ni wọ́n wí. Ọdún parí, kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì jìnnà sí i. Mo fún wọn ní máàkì wọn.

Fún ọdún 2026, ìwé ìṣúná fi dọ́là sí 1,400 náírà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ni mo kọ́kọ́ bi nípa gàrí. Wọn kò dá iye kan ṣoṣo fún mi. Wọ́n ní bí òjò bá tètè dé, gàrí yóò dúró síbi tí ó wà. Wọ́n ní bí wọ́n bá sì tún sé ibodè bí ti oṣù kẹjọ ọdún 2019, kí n má bi àwọn. Nínú àpò mẹ́wàá tí wọ́n ní, wọ́n ta mẹ́fà, wọ́n san owó ilé-ìwé, wọ́n fi mẹ́rin pamọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sábẹ́ ti ìjọba, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì fi ìwé náà há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn. Ní oṣù kejìlá, a ó jọ kà á.