Ẹ̀rọ Ní Òun Kò Rí Ọmọ Náà: Ta Ni Kí A Bi?

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-kéwú wa báyìí pé kọ̀ǹpútà ni a fi ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti èsì ìdánwò. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwà kan bá a wọlé tí a kò fara mọ́. Bí òbí bá mú rìsíìtì owó tí ó san wá, tí ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ ọmọ, tí ẹ̀rọ sì dáhùn pé òun kò rí i, òbí ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. A mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ baba rẹ̀ ti san owó náà pé láti oṣù méjì ṣáájú. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rọ tí ó ní òun kò rí nǹkan kò tíì sọ pé nǹkan náà kò sí.

Kí ó lè yé àwọn òbí tí kì í lo kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to àkọsílẹ̀ sínú rẹ̀. Wọn kì í kó gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan sí ojú kan. Tábìlì kan wà fún orúkọ, ọjọ́ ìbí àti kíláàsì. Òmíràn wà fún owó tí a san. Òmíràn wà fún máàkì. Ọdún 1970 ni Edgar Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, gbé ìwé jáde lórí ètò yìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ kárí ayé sì dúró lé e lórí títí di òní. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan ti sanwó, ẹ̀rọ yóò mú ohun kan láti inú tábìlì kìíní, yóò sì wá irú rẹ̀ gan-an nínú tábìlì kejì. Ohun tí ó mú dání yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá rí irú rẹ̀, yóò so ìlà méjèèjì pọ̀. Bí eyín kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí.

Orúkọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo عبد الرحيم. Nínú rẹ́jísítà Lárúbáwá, ọ̀nà kan ni gbogbo wa ń gbà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi lẹ́tà ABD kọ ọ́, ẹnì kan yóò kọ Abdulraheem, ẹlòmíràn yóò kọ Abdul-Rahim, ẹlòmíràn Abdurroheem. Ìyá ọmọ sì lè kọ Raheem nìkan sórí tẹ́là tí ó fi sanwó ní báńkì. Lójú tiwa ẹnì kan ni. Lójú ẹ̀rọ ènìyàn mẹ́rin ni. Fatimah àti Fatimoh náà ń kọ́? Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Lárúbáwá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Bí akọ̀wé kan bá kọ أحمد pẹ̀lú hamza, tí èkejì kọ احمد láìsí i, ẹ̀rọ kò ní so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni فاطمة àti فاطمه. Kódà lẹ́tà Yorùbá tiwa, ẹ tí ó ní àmì nísàlẹ̀, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀: bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí bíi e lásán tí àmì ìsàlẹ̀ wá tẹ̀ lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ti dé ìpele Thanawi kò yẹ kí ẹ rí èyí bí ohun tuntun. Al-Khatib al-Baghdadi, tí ó kú ní ọdún 463 Hijira (1071), kọ odidi ìwé kan, Mudih Awham al-Jam' wa al-Tafriq, lórí àṣìṣe àwọn tí wọ́n so ẹni méjì pọ̀ di ọ̀kan, àti àwọn tí wọ́n pín ẹnì kan sí méjì, nítorí orúkọ. Ibn as-Salah náà ka ènìyàn mẹ́fà tí gbogbo wọn ń jẹ́ al-Khalil ibn Ahmad. Onímọ̀ èdè tí ó fi ìmọ̀ Arud lélẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò fi orúkọ nìkan dá ènìyàn mọ̀. Wọ́n wo baba, wọ́n wo ìlú, wọ́n wo olùkọ́ àti ọdún ikú. Àwa tí a ń ka ìwé wọn ni a wá ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo lé ọmọ kúrò nínú ìdánwò!

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú tí ẹ ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ béèrè pé: ṣé kò sí ẹnì kankan tí ẹ̀rọ rí ni, àbí àwọn kan ni kò rí? Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni rárá, inú ètò tí ẹ kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà rìsíìtì ni ẹ ń fi wé nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé id ni ẹ pe méjèèjì. Ó sì lè jẹ́ pé tábìlì kan tọ́jú 47 gẹ́gẹ́ bí iye, tí èkejì tọ́jú 0047 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Excel mọ èyí í ṣe dáadáa: ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 sínú rẹ̀, yóò yọ òdo iwájú dànù láìbéèrè, àyàfi tí ẹ bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí ó bá rí àwọn kan tí kò rí àwọn kan, ohun tí a kọ sínú tábìlì ni ó sábà máa ń ní àrùn. Ẹ mú ọmọ kan tí ẹ mọ̀ dájú pé ó wà nínú méjèèjì, ẹ gbé ìlà rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye lẹ́tà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú yín bá rí Aminu, lẹ́tà 5, tí ẹ̀rọ ka 6, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ àyè òfìfo sẹ́yìn orúkọ náà.

Ohun tí ó ń bí wa nínú jù ni ètò tí kì í sọ̀rọ̀. Àṣẹ JOIN lásán a máa fo ọmọ tí kò rí ìlà rẹ̀ kejì, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi tẹ ìwé èsì jáde, ọmọ náà kàn pòórá ni, bí ẹni pé kò jókòó ìdánwò. LEFT JOIN ni kí ẹ lò, kí gbogbo ọmọ hàn, kí ẹ̀rọ sì kọ NULL síwájú ẹni tí kò rí máàkì rẹ̀, kí olùkọ́ lè mọ ẹni tí yóò wá.

Àwọn kan ní kí ètò máa fojú díwọ̀n orúkọ tí ó bá jọra. A kò gbà. Fatimah Sulaimon méjì lè wà nínú kíláàsì kan. Kí ẹ̀rọ dábàá, kí ènìyàn pinnu. Nínú Excel pẹ̀lú, ẹni tí ó lo VLOOKUP tí kò fi FALSE parí rẹ̀ lè rí èsì ọmọ ọlọ́mọ gbà láìmọ̀, èyí sì burú ju kí ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan lọ. A tún lòdì sí akọ̀wé tí yóò yí orúkọ ọmọ padà nínú tábìlì kan kí ó lè bá èkejì mu. Ọmọ yẹn ni yóò gbé ìwé ẹ̀rí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti NIN rẹ̀ dé iwájú JAMB lọ́jọ́ iwájú, òbí rẹ̀ ni yóò sì máa sáré lọ búra ní kóòtù.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí a fún ọmọ lọ́jọ́ tí ó bá wọlé. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1001, kí òdo má sí níwájú rẹ̀. Kí a má ṣe gbé e fún ẹlòmíràn bí ọmọ náà bá jáde. Kí ó wà lórí rìsíìtì, lórí ìwé ìdánwò àti lórí káàdì. Kí tábìlì owó sì kọ̀ láti gba nọ́ńbà èyíkéyìí tí kò sí nínú tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Òbí kan ti bi wá bóyá a fẹ́ máa ka àwọn ọmọ bí ẹlẹ́wọ̀n ni. Rárá o. Orúkọ tí a sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ náà ni a ó máa pè é ní kíláàsì. Ẹ̀rọ ni ó nílò nọ́ńbà.

Ó wá ku àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tí a fi ọwọ́ kọ ní Lárúbáwá. Kò sí ètò tí yóò bá wa so ìwọ̀nyẹn mọ́ tuntun. Olùkọ́ kan tí ó mọ àwọn ọmọ náà ni yóò jókòó tì wọ́n pẹ̀lú akọ̀wé kan, ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí ń bọ̀.