Àmánà ni Kọ́kọ́rọ́ Ìkànnì Ẹgbẹ́



Inú lẹ́tà kan ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí ti wá. Ọmọ wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà Enugu ti Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, tó sì gba yàrá ní Ogui, ló kọ ọ́. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yunifásítì, kí wọ́n lè ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ wọn sí abẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn kò rí ìwúlò rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí WhatsApp àti Facebook wà. Ó wá béèrè pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn ṣe wàhálà yìí bí?

Ìdáhùn wa ni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mọ irú ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọmọ náà wà. Èédú ni ó sọ Enugu di ìlú ńlá: wọ́n rí i ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ọkọ̀ ojú irin sì so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Port Harcourt ní 1916. Iṣẹ́ wọ̀nyí kó onírúurú ènìyàn lọ síbẹ̀, Yorùbá àti Haúsá pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí kò pọ̀ láàárín àwọn ará ìlú títí dòní. Ọmọ tó ti Ìwó tàbí Ìsẹ́yìn dé Ogui fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ ìpè ìrun láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó ti ń gbọ́ ọ nílé. Yóò fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń kírun Jímọ̀, ibi tí ó ti lè ra ẹran tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn, àti ẹni tí ó lè pè bí àìsàn bá dé. Ẹgbẹ́ orí WhatsApp kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni kò rí ẹni tí yóò mú un wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí Facebook sì ń rì sísàlẹ̀ bí tuntun ti ń gorí rẹ̀. Ìkànnì tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ó lè wá kàn láti ilé bàbá rẹ̀, kí ó tó di ẹrù rárá.

Báwo ni ètò náà ti rí? Yunifásítì a máa ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kì í sùn, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, tàbí kí ó háyà irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Yunifásítì tó bá ní irú ètò yìí a máa gé àyè nínú rẹ̀ fún àwọn olùkọ́, àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ibòmíràn wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Orúkọ tó parí sí .edu.ng sì níyì, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba fọwọ́ sí ni a yà á sọ́tọ̀ fún. Ẹgbẹ́ yóò kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, olùkọ́ alámòójútó wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbà, wọn yóò fún wọn ní àdírẹ́sì, orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù. Wọn yóò sì ka òfin ilé fún wọn: ìwọ̀n àyè tí wọ́n lè lò, kí wọ́n má ṣòwò níbẹ̀, kí wọ́n má polongo òṣèlú, kí wọ́n má sì gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ojú ewé mẹ́rin tó péye sàn ju ogójì tó ṣófo lọ.

Ṣíṣí i kọ́ ni ìṣòro; títọ́jú rẹ̀ ni. Nígbà tí èmi náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹgbẹ́ wa ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Arákùnrin kan ṣoṣo ni ó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tọkàntọkàn ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó parí ẹ̀kọ́, ó lọ sin ilẹ̀ baba, fóònù rẹ̀ sọnù, a kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún méjì gbáko ni ìkànnì náà fi ń júwe ibi ìkírun tí a ti kúrò fún àwọn ọmọ tuntun. Arábìnrin kan sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun tẹ̀lé e ní Jímọ̀ òun àkọ́kọ́, òun bá ilẹ̀kùn ní títì, òun jókòó sí ẹnu ọ̀nà, òun sì sunkún. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un nínú wa, ṣùgbọ́n ìkànnì wa purọ́ fún un lórúkọ wa.

Ìṣòro kejì ni pé ilé onílé ni. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì Southern California, ní Los Angeles lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti gbé ìtumọ̀ Alùkùránì mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Yusuf Ali, Pickthall àti Shakir, pẹ̀lú àkójọ hádíìsì Bukhari àti Muslim, sí abẹ́ ìkànnì yunifásítì wọn. Àwọn tó ń wá ìmọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n ní 2008, àwọn kan láti ìta fi ẹjọ́ hádíìsì kan sun àwọn aláṣẹ, yunifásítì sì pàṣẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó yá, àkójọ náà kúrò ní àdírẹ́sì tí a mọ̀ ọ́n sí. Onílé ló ni ilé. Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò parun, nítorí àwọn ẹlòmíràn ti ní ẹ̀dà rẹ̀. Títí dòní, ìkànnì sunnah.com ṣì ń kọ nọ́ḿbà tí wọ́n pè ní USC-MSA sí abẹ́ àwọn hádíìsì Bukhari.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa ní Ogui àti níbi gbogbo, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ẹ má ṣe fi ìkànnì ẹgbẹ́ sí abẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, nítorí àyè tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń di títì bí ó bá ti parí ẹ̀kọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ímeèlì ẹgbẹ́. Èkejì, kí ààrẹ, akọ̀wé àti olùkọ́ alámòójútó jọ mọ pásíwọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi olóyè tuntun jẹ, ẹ yí i padà, kí ẹ sì kọ ìfàléni-lọ́wọ́ náà sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Suuratul Baqarah, ẹsẹ 282, ti kọ́ wa ní ìlànà ìwé àti ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a lò ó níbí náà. Ẹ̀kẹta, ẹ máa da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fláàṣì ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè ṣeé gbé lọ síbòmíràn. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe kẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gbé nọ́ḿbà tàbí àwòrán ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, àgàgà ti àwọn arábìnrin wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kò kàn yín. Suuratun Nisaa'i, ẹsẹ 58, pàṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tó ni ín, àmánà sì ni kọ́kọ́rọ́ yìí. Bí ọmọ yín bá jẹ́ olóyè ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó bá wálé, ẹ bi í pé: ta ni ìwọ yóò fà á lé lọ́wọ́?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a já ọmọ ẹlòmíràn kulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ibi ìkírun. Ààmín. Wa billaahi tawfiiq.