Ara Ta Ni Ipá Ọ̀hún Bà Lé?

Nínú àwọn òfin mẹ́ta tí Isaac Newton, àgbà ọ̀jẹ̀ onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi lélẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1687, ẹ̀kẹta ni ẹnu àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́ jù, òun náà sì ni ó ń rú wọn lójú jù: pé bí ohun kan bá ti òmíràn, èyí tí a tì náà yóò tì í padà, títì méjèèjì yóò dọ́gba, wọn yóò sì kọjú ìjà síra wọn. Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè lọ́gán pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ohunkóhun fi ń kúrò lójú kan láyé yìí? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi pàṣán dá a lóhùn.

Newton fúnra rẹ̀ fi ẹṣin tí ó ń fi okùn wọ́ òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹṣin ti ń fa òkúta síwájú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta ń fa ẹṣin sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ara òkúta ni fífà ti ẹṣin wà, ara ẹṣin sì ni fífà ti òkúta wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta yóò ṣí nídìí, kìkì ipá tí ó bà lé òkúta ni kí ó kà: ẹṣin tí ń fà á, àti ilẹ̀ tí ń dì í mú. Bí ti ẹṣin bá borí, òkúta ń lọ nìyẹn. Ẹṣin pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀: ó ń fi pátákò ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ń tì í síwájú, bí títì ilẹ̀ bá sì ju fífà òkúta lọ, yóò gbéra. Ipá méjì tí ó dọ́gba kì í pa ara wọn rẹ́ àfi bí wọ́n bá pàdé lára ohun kan ṣoṣo, ìbejì inú òfin kẹta yìí kì í sì í pàdé bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ṣubú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi Robert Goddard, olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní ìlú Worcester ní Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó kọ ọ́ sínú ìwé kan pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè rin ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí títí dé òṣùpá. Olóòtú ní kò sí ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò rí tì níbẹ̀, ó sì ní ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ọmọ ilé-ìwé girama mọ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ! Afẹ́fẹ́ kọ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì. Èéfín gbígbóná tí ó ti inú ara rẹ̀ jáde ni ó ń tì sẹ́yìn, èéfín náà a sì tì í síwájú. Ìdènà lásán ni afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. Goddard ti dán an wò nínú ohun èlò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, agbára tí ó rí níbẹ̀ kò sì dín kù rárá; ó wà nínú ìwé kan náà tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín, bí ẹnikẹ́ni bá fara balẹ̀ kà á.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí lé ní ogójì. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1969, ọjọ́ kejì tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbéra láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá, ni ìwé ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àtúnṣe jáde pé àwọn ṣìnà. Inú mi dùn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Goddard ti kú láti ọdún 1945.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá kọ òfin kẹta sí ojú pátákó, ẹ kọ orúkọ ohun méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn sí i, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ èyí tí ipá kọ̀ọ̀kan bà lé.