Ìkíni Ayé tí Kò sí Ohùn Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ta ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Voyager 1 sí ojú sánmà. Èkejì rẹ̀, Voyager 2, ti ṣáájú rẹ̀ gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn kankan kò sí nínú wọn. Ẹ̀rọ ni awakọ̀, ẹ̀rọ ni alóre, ẹ̀rọ náà ni oníṣẹ́ tí ń jíṣẹ́ padà sílé. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa sọ nínú ìwé ti oṣù yìí ni ti ẹrù kan tí wọ́n rù lọ.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fún oníṣẹ́ ní ìyìn tí ó tọ́ sí i. Ní ọdún 1979 ni àwọn méjèèjì kọjá lẹ́bàá Júpítà, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn pláńẹ́ẹ̀tì, àwọn ìràwọ̀ alárìnkiri tí ń yí oòrùn po bí ayé wa ti ń yí i po. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí òkè tí ń yọ iná lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà. Ẹnikẹ́ni kò tí ì rí irú rẹ̀ níbikíbi tí kì í ṣe orí ilẹ̀ ayé. Wọ́n dé Sátọ̀n. Voyager 2 nìkan ni ó sì tẹ̀síwájú dé Yúránọ́ọ̀sì ní 1986 àti Nẹ́ptúùn ní 1989. Títí di òní, kò sí ọkọ̀ mìíràn tí ó tún dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì wọ̀nyí.

Voyager 1 ti jìnnà sí wa ju bílíọ̀nù máìlì 15 lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí i, bí ó tilẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, yóò lo ju wákàtí 22 lọ lọ́nà kí ó tó dé etí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ṣe é ní oṣù Kọkànlá 2023, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi sùúrù wádìí rẹ̀ láti òkèèrè. Wọ́n rí i pé apá kan ibi tí ó ń pa ìrántí mọ́ sí ti bàjẹ́, wọ́n kó iṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún já gaara ní oṣù Kẹrin 2024. Ó ti di ọdún 46 nígbà náà tí ó ti kúrò nílé. (A mọ ẹ̀rọ omi ní àwọn ìlú kan tí kò pé ọdún mẹ́ta kí a tó pa á tì.)

Ẹrù náà nìyí: ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so àwo kan mọ́, irú àwo gíráámófóònù, bàbà ni, wọ́n sì fi wúrà bò ó. Carl Sagan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò rẹ̀. Èrò wọn ni pé bí ẹ̀dá olóye kan bá wà ní ọ̀nà jíjìn, tí ó sì bá ọkọ̀ náà pàdé, kí ó gbọ́ ohùn ayé. Wọ́n fi orin sí i, àti àwòrán, àti ìró òjò, àti ẹkún ọmọ ọwọ́, àti ìkíni ní èdè 55.

A yẹ àwọn èdè náà wò, a kò rí Yorùbá. Láti Áfíríkà, a rí èdè Luganda, Sotho, Nguni, Nyanja àti Ila. Ìlù láti orílẹ̀-èdè Benin wà níbẹ̀, orin àwọn ọmọbìnrin Mbuti láti inú igbó Kóńgò wà níbẹ̀. Èdè Sumer, tí ìyá kankan kò fi rẹ ọmọ lẹ́kún láti ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwa tí ń kí ẹni tí ó jókòó, tí ń kí ẹni tí ó dúró, tí a ní “àrẹdú” fún aláró àti “ojúgbooro” fún onídìrí, a kò sí níbi tí a gbé ń kí gbogbo àgbáyé.

Ẹlòmíràn lè pè é ní ẹ̀gàn. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àkókò kò gùn fún ìgbìmọ̀ náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kí ayé sì jẹ́ àwọn tí wọ́n rí nítòsí Cornell. Ohun tí ó dùn wá jù ni èyí tí ó wà nílé. Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Júpítà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì bi bàbá rẹ̀ àgbà, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò bá pàdé. Bí ìjòyè kan bá ní kí ni ti sánmà nílùú tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó ọ̀nà ra ọkọ̀ sánmà. Ọ̀rọ̀ ni a ń bèèrè, ọ̀rọ̀ kò sì náni lówó.

Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ọdún méje kí Voyager tó gbéra, ní 1970, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Èé ṣe tí irú rẹ̀ kò fi gbilẹ̀ dé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa? Ẹ̀yin alágbára ilẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹ dáhùn.

Àwọn bàbá wa kò sì fọ́jú sí ojú sánmà. Àgùàlà ni wọ́n ń pe ìràwọ̀ títàn yòò tí ń bá òṣùpá rìn, tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá. Pláńẹ́ẹ̀tì gan-an ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn yòókù? Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ó bá ní àgbà kan nílé, ọdẹ, babaláwo tàbí apẹja, tí ó mọ ìràwọ̀ ní orúkọ, kí ó bi í, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú náà, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí. A ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé yìí.