Ẹni Tó Bá Gba Sójà, Kó Ka Owó Rẹ̀ Dé Ọjọ́ Ogbó

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìnáwó ní Àbújá. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n wá bèèrè. Àwọn kan ní ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ ló fà á. Irọ́ gbuu ni. Gbèsè tí ìjọba ti mọ ọjọ́ tí yóò pé ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ ogún ọdún wọ ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun ní Zaria lónìí. Bó bá fi ọdún 35 sin ilẹ̀ yìí, ẹni ọdún 55 ni yóò fẹ̀yìntì. Bí Ọlọ́run bá dá a sí di ẹni 80, ọdún 25 mìíràn ni ìjọba yóò fi máa san owó fún un. Ọgọ́ta ọdún nìyẹn, a ò tíì ka opó àti ọmọ bí ìbọn bá pa á. Ṣùgbọ́n nínú ìṣúná ọdún tí wọ́n gbà á, owó ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 ní kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ máa dá owó ìfẹ̀yìntì jọ lóṣooṣù. Ní 2011, wọ́n yọ àwọn ológun kúrò níbẹ̀. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, sójà kì í ṣe ẹgbẹ́ akọ̀wé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ò gbé àpò mìíràn kalẹ̀ fún wọn. Ojú ìṣúná ọdọọdún ni arúgbó ológun ń wò. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹwàá 1984, iléeṣẹ́ ológun wọn ti ń fi owó sápò ìfẹ̀yìntì nítorí sójà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Abala 173 nínú ìwé òfin wa ti 1999 sọ pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 30,000 náírà tó di 70,000 ní oṣù Keje 2024, kí ló wá ṣòroó mọ̀ níbẹ̀?

Wọn a ní ààbò kò ṣeé díye lé. Wọ́n díye lé bàálù! Ní 2018, nǹkan bí 496 mílíọ̀nù dọ́là jáde fún bàálù ogun Super Tucano 12. 2021 ni bàálù náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n san owó bàálù kí wọ́n tó rí i, sójà sì darúgbó tán, kò rí owó tirẹ̀.

Wọn yóò tún ní Boko Haram kò ní dúró de ìṣirò. Ọmọ ogun tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ àná tó ń tọrọ ẹ̀tọ́ lójú títì ha lè fọkàn balẹ̀ jà?

Àwọn aṣòfin ló ni ọ̀bẹ tó ń gé iṣu yìí. Kí wọ́n má buwọ́ lu owó gbígba sójà tuntun kankan, àfi tí iye tí yóò náni títí dé orí opó rẹ̀ bá wà nínú ìwé tó wà níwájú wọn, tí ìpín ọdún náà sì ti wà ní báńkì. Bí apá ìjọba kò bá ká ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún.